Apẹ́ńdísì Méjì Nínú Ìkùn Kan: Jìbìtì Tí Adójútòfò Ìlera Kan Ṣoṣo Kò Lè Dá Rí

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà orí pèpéle, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin apòògùn, ẹ̀yin tó ń yẹ kíléèmù wò ní àwọn HMO, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera aládàáni, ẹ̀yin tó ti ọ́fíìsì ìjọba wá láti Aláúsá, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ẹni tó gba orí Third Mainland dé Yábàá níbí láàárọ̀ yìí ti fara da tirẹ̀ kó tó jókòó gbọ́ mi, mi ò ní tún fi ọ̀rọ̀ gígùn dá kún un.

Ohun kan ló yẹ ká fẹnu kò lé lórí ná. Bí mo bá ní "dátà", kì í ṣe èyí tí à ń rà sórí fóònù. Àkọsílẹ̀ ni mò ń wí: ta ló lọ sílé ìwòsàn, ọjọ́ wo, kí ni wọ́n ṣe fún un, èló ni wọ́n ní kí adójútòfò san. Kíléèmù là ń pè é níbi iṣẹ́, kíléèmù náà ni màá máa pè é.

Oníbàárà aláwìn ní Balógun

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sọ́jà. Oníbàárà kan dé Balógun, ó gba léèsì láwìn lọ́wọ́ ìyá aláṣọ kan, ó ní ìparí oṣù lòun máa san. Ó yà sí ìlà kejì, ó gba àǹkárá láwìn. Ó sọdá sí Ìdúmọ̀tà, ó gba bàtà àti báàgì. Ìyá kìíní rí gbèsè kan, gbèsè tí agbowó-oṣù lè san. Ìyá kejì rí gbèsè kan. Ìyá kẹta náà rí gbèsè kan. Ta ló wá mọ̀ pé gbèsè mẹ́ta ni? Oníbàárà nìkan ni.

Ojú àwọn ìyá yìí kò fọ́. Ohun tí kálukú rí, òótọ́ ni. Àárín ṣọ́ọ̀bù kan sí èkejì ni jìbìtì náà fara pamọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ àárín ṣọ́ọ̀bù.

Bí kíléèmù ṣe rí l'Ékòó nìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ ní ètò tirẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí NHIS tẹ́lẹ̀: òfin 1999 ló dá a sílẹ̀, 2005 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òfin 2022 ló sọ ọ́ di NHIA, tó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ètò tirẹ̀ náà, Ìlera Èkó, tí LASHMA, àjọ ìpínlẹ̀ náà, ń bójú tó. Àwọn HMO tún wà, tí báńkì, iléeṣẹ́ fóònù àti iléeṣẹ́ epo ń sanwó fún nítorí àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ní Sùúrùlérè lè máa gba aláìsàn lọ́wọ́ gbogbo wọn. Tábìlì kan náà, akọ̀wé kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́wàá ni kíléèmù ń gbà jáde. Ilé ìwòsàn nìkan ló rí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.

Mẹ́ta péré nínú ohun tó ń sá mọ́ wa lójú

Àpẹẹrẹ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí o. Mi ò ní ilé ìwòsàn kankan lọ́kàn, kí ẹnikẹ́ni má wo ẹni tó jókòó tì í.

Àkọ́kọ́ rèé: ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà. Lóṣù kẹta, HMO iléeṣẹ́ rẹ̀ sanwó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi yọ apẹ́ńdísì fún un. Lóṣù kẹjọ ó ríṣẹ́ mìíràn, ó bọ́ sábẹ́ HMO mìíràn. Lóṣù kọkànlá, HMO tuntun sanwó láti yọ apẹ́ńdísì ọkùnrin kan náà. Ìwé pé lọ́hùn-ún, ìwé pé níhìn-ín. Kóòdù àṣẹ tí adójútòfò fi gbà kí iṣẹ́ náà wáyé wà, dókítà fọwọ́ sí i. Ẹni tó yẹ kíléèmù kìíní wò kò ṣàṣìṣe, ẹni tó yẹ ìkejì wò kò ṣàṣìṣe. Àmọ́, ẹ̀yin dókítà, mélòó ni apẹ́ńdísì tí Ọlọ́run fi sínú ìkùn ọmọ aráyé?

Ọmọ ìyá ọ̀rọ̀ yìí ni ti obìnrin tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ètò ìjọba, tí HMO ọkọ rẹ̀ wá sanwó ìbímọ fún lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àbúrò rẹ̀ ló bímọ, tó mú káàdì ẹ̀gbọ́n lọ. Àánú ni ẹ̀gbọ́n fi yá a. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àánú yẹn fi sílẹ̀ nínú fáìlì. Bí ara ẹ̀gbọ́n kò bá gba pẹnisílínì, tí wọ́n sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n fún "un" ní pẹnisílínì lẹ́yìn ìbímọ, tí kò ṣe é ní nǹkan kan, kí ni nọ́ọ̀sì máa fà sínú abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n bá dé láìlè sọ̀rọ̀? Jìbìtì káàdì kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan.

Ìkejì ni ọjọ́ tó ju wákàtí 24 lọ. Ẹ mú oníṣẹ́ físíò kan, ẹni tó ń fi ìfọwọ́ra àti ìdárayá tọ́jú ara. Ìjókòó kan ń gba ìṣẹ́jú 45. Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, ètò ìjọba gba kíléèmù ìjókòó 14 lórúkọ rẹ̀, ìyẹn wákàtí mẹ́wàá àbọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ takuntakun lè ṣe é. HMO kan gba 12, wákàtí mẹ́sàn-án. HMO kejì gba 10, wákàtí méje àbọ̀. Ẹ ro ó pọ̀: ìjókòó 36, wákàtí 27. Ọjọ́ wo ló ní wákàtí 27? Kò sí ẹyọ kan nínú àwọn adójútòfò mẹ́ta yìí tó lè dá rí i, kódà bó lo kọ̀ǹpútà tó dára jù láyé.

Ìkẹta ni owó ìbímọ. Ìyàwó jẹ́ olùkọ́ lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ó wà nínú Ìlera Èkó. Ọkọ wà ní báńkì, HMO báńkì kó ìyàwó mọ́ ọn. Ó bímọ pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ. Ilé ìwòsàn fi kíléèmù ₦400,000 ránṣẹ́ sí ọ̀tún, ó fi ₦400,000 ránṣẹ́ sí òsì, bẹ́ẹ̀ ó ti gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ lálẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé. Ọmọ kan ni obìnrin yẹn bí, owó ìbẹta ni wọ́n gbà.

Kí n tètè sọ èyí o: kéèyàn ní adójútòfò méjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀kan lè san apá kan, kí èkejì parí rẹ̀. Nítorí náà, àyè kan gbọ́dọ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù kíléèmù gbogbo wa tó ń béèrè pé: ṣé adójútòfò mìíràn ti san nǹkan lórí iṣẹ́ yìí, èló? Bí àyè yẹn kò bá sí, olóòótọ́ àti oníjìbìtì á jọ máa jọra wọn lójú kọ̀ǹpútà.

Àwọn tí kì í ṣàìsàn àti àwọn tí kì í sàn

Ibi tí mo fẹ́ dúró pẹ́ sí rèé, torí òun ló mú kí ìjọba àti aládàáni nílò ara wọn ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà méjì là ń gbà sanwó fún ilé ìwòsàn. Nínú ètò ìjọba, capitation ni wọ́n fi ń sanwó ìtọ́jú ìpìlẹ̀: iye kan tí kò yí padà lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀, ó wá o, kò wá o. Ìtọ́jú tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń gba kóòdù àṣẹ, tí ilé ìwòsàn á fi kọ kíléèmù. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ HMO aládàáni, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sanwó fún: àyẹ̀wò, oògùn, abẹ́rẹ́.

Kí ni owó ń kọ́ èèyàn láti ṣe? Níbi capitation, aláìsàn tó wá ń jẹ owó tó ti wọlé. Jìbìtì ibẹ̀ ni kí wọ́n gbowó kí wọ́n má tọ́jú: "oògùn ti tán, ẹ lọ rà á níta", "dókítà ò sí nílé, ẹ padà wá lọ́la". Níbi tí wọ́n ti ń sanwó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, aláìsàn tó wá ń mówó wọlé. Jìbìtì ibẹ̀ ni àsọdùn: ibà lásán di ibà tó gba kí wọ́n dá aláìsàn dúró sílé ìwòsàn, oògùn ọjọ́ mẹ́ta di ti ọjọ́ méje, àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n kọ pọ̀ ní iye kan ni wọ́n tú sí mẹ́rin kí owó rẹ̀ lè ga, oògùn olówó gọbọi wà lórí ìwé ṣùgbọ́n èyí tí kò wọ́n ni aláìsàn gbé lọ sílé.

Ẹ wá gbé àkọsílẹ̀ méjèèjì ilé ìwòsàn kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àdúgbò kan náà, ẹ̀fọn kan náà, omi kan náà. Àwọn tí ìjọba ń san capitation fún kì í ṣàìsàn, àwọn tí HMO ń sanwó iṣẹ́ fún kì í sàn. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, nǹkan wà lábẹ́ àpáta. Ìjọba nìkan kò lè rí i, nítorí ẹni tí kò wá kì í kọ kíléèmù. HMO nìkan kò lè rí i, nítorí kò mọ bí àdúgbò ṣe ń ṣàìsàn tó. Ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀ ló ń fọhùn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé bí a bá ní kíléèmù nìkan la máa jọ pín, ìdajì ọ̀rọ̀ la pín. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó wá lójoojúmọ́, àwọn tí owó capitation ti san tiwọn, gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn kò fẹ́ràn láti máa fi í ránṣẹ́, torí kò sówó kankan tó máa tẹ̀ lé e padà. Adójútòfò tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ so ó mọ́ owó oṣù tó ń bọ̀.

Ìyálọ́jà tí Amẹ́ríkà yàn

Wọ́n ti dán an wò níbòmíràn. L'Amẹ́ríkà, Medicare àti Medicaid, ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba ń san, ti wà láti 1965, àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò aládàáni sì pọ̀ bíi yanrìn. Ní 1985 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ NHCAA sílẹ̀, níbi tí àwọn olùwádìí ti ìjọba àti ti aládàáni ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Ní 2012 ni wọ́n gbé Healthcare Fraud Prevention Partnership kalẹ̀, HFPP, tí ìjọba àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ àti aládàáni jọ wọ̀, láìfipá mú ẹnikẹ́ni. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lópin 2020 ló wá fún un ní gbòǹgbò. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti ju 200 lọ.

Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ni pé wọn kì í gbé kíléèmù lé ara wọn lọ́wọ́. Ẹnì kẹta wà láàárín, tí kì í ṣe ìjọba, tí kì í ṣe iléeṣẹ́ adójútòfò. Òun ló ń gba àkọsílẹ̀ gbogbo wọn, òun ló ń ṣírò, èsì nìkan ló ń dá padà. HMO kan kò ní rí iye tí HMO kejì ń san. Ẹ̀yin HMO tó jókòó síbí, mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù yín nìyẹn, kí aládùúgbò má mọ tàríìfù yín. Kò níí mọ̀ ọ́n. Bí ìyálọ́jà tó gbọ́n ṣe ń ṣe ni: gbogbo ìyá aláṣọ ń wá sọ fún un ẹni tó jẹ wọ́n, kì í sọ gbèsè Ìyá Bọ́lá fún Ìyá Ṣadé. Ó kàn ń wí pé, "Ìyá Ṣadé, oníbàárà yẹn, rọra o."

Bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé e jáde

Ẹ fọkàn bá mi lọ níbí, iṣẹ́ ọwọ́ ló kù.

Ohun tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹnì kẹta kò pọ̀: àmì aláìsàn, nọ́ńbà ilé ìwòsàn, nọ́ńbà dókítà, ọjọ́ ìtọ́jú, kóòdù iṣẹ́, iye ìgbà, owó tí wọ́n béèrè, owó tí wọ́n san, ọjọ́ tí wọ́n san án. Orúkọ kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù kò sí níbẹ̀. Láti bẹ̀rẹ̀, kódà orúkọ àìsàn kò pọn dandan: láti mọ̀ pé wọ́n sanwó ìbímọ kan lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ àti kóòdù iṣẹ́ tó.

Àmì aláìsàn ńkọ́? NIN là ń mú, nọ́ńbà 11 yẹn, a ó sì lọ̀ ọ́. Ẹ mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń lọ ata. Ata lè di lílọ̀, lílọ̀ kò lè padà di ata. Ìṣírò kan wà tó ń ṣe NIN bẹ́ẹ̀: NIN kan náà á máa mú àmì kan náà jáde ní gbogbo iléeṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó rí àmì kò lè dá a padà sí NIN. Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Nọ́ńbà 11 péré ni NIN, gbogbo èyí tó lè wà kò ju bílíọ̀nù 100 lọ. Kọ̀ǹpútà òde òní lè lọ gbogbo wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wá wo èyí tó bá àmì tiyín mu. Torí náà ẹ fi iyọ̀ sí i: ọ̀rọ̀ àṣírí gígùn kan tí ẹ ó pò mọ́ NIN kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Àwọn adójútòfò nìkan ni kó mọ ọ̀rọ̀ àṣírí náà. Ẹnì kẹta tó ń ṣírò kò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí kò ní NIN ńkọ́? Orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni wọ́n máa ń sá bá, wàhálà sì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Adébáyọ̀ níbí, Báyọ̀ lọ́hùn-ún. Akọ̀wé kan fi orúkọ bàbá ṣíwájú, èkejì fi í sẹ́yìn. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni ọjọ́ ìbí ẹgbàágbèje èèyàn tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́ nílùú òyìnbó kò sì mọ ìbejì bíi tiwa. Táíwò àti Kẹ́hìndé, orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, àdírẹ́sì kan náà, ilé ìwòsàn kan náà, ibà mú wọn lọ́jọ́ kan náà. Kọ̀ǹpútà á pariwo pé kíléèmù kan ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá ń so orúkọ pọ̀ láìfi orúkọ àmútọ̀runwá ṣe ohun tí ń ya èèyàn méjì sọ́tọ̀, àwọn ìyá ìbejì ló máa kó sí yọ́ọ̀yọ́ọ̀.

Ilé ìwòsàn náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ kan. Èyí tí a kọ ní "Hospital" sínú ìwé kan lè jẹ́ "Medical Centre" nínú òmíràn. L'Ékòó, HEFAMAA ló ń forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀, ẹ lo nọ́ńbà tí wọ́n fún un. MDCN ló ń forúkọ dókítà sílẹ̀, ẹ lo nọ́ńbà folio rẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ bákan náà. 03/04/2025, ṣé ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni àbí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta? Ẹ kọ ọdún ṣíwájú, oṣù, kó tó kan ọjọ́.

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá

Bí kọ̀ǹpútà bá wá tọ́ka sí nǹkan, kò tíì dájọ́. Ẹ rántí oníṣẹ́ físíò wa tó ní wákàtí 27 nínú ọjọ́ kan. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ lè bá òṣìṣẹ́ márùn-ún tí akọ̀wé ń fi nọ́ńbà ọ̀gá kan ṣoṣo kọ gbogbo iṣẹ́ wọn. Ìwà àìbìkítà ni, ó sì yẹ kí wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe olè. Ẹ sì lè bá akọ̀wé tó ń kó iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún jọ, tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sórí ọjọ́ kan. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ béèrè fáìlì aláìsàn, ìwé ìbuwọ́lù, ìwé yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ pe aláìsàn fúnra rẹ̀ lórí fóònù: "Ṣé ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ báyìí?" Ìbéèrè kan yẹn máa ń tú àṣírí ju kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ fún ilé ìwòsàn láǹfààní láti fèsì lórí ìwé kí ẹ tó dá owó rẹ̀ dúró.

Ẹ̀yin HMO, ẹ má bínú sí mi. Mo ní kí ọjọ́ tí ẹ sanwó wà nínú àkọsílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn tí wọn kò san kíléèmù rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n sì gé ìdá kan kúrò nígbà tí wọ́n máa san án, á bẹ̀rẹ̀ sí í bù lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ kí gígé tó dé. Mi ò gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àkọsílẹ̀ tó bá ń fi ẹni tó bù lé owó hàn, kó fi ẹni tó ń jẹ gbèsè hàn pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ òfin, mo máa sáré kọjá. Òfin ìlera 2014, abala 26, sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn tó gbẹgẹ́ jù. Bí àkọsílẹ̀ bá jò, tó sì lè pa èèyàn lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó Àjọ tó ń mójú tó o létí. Torí náà ẹ ṣe àyẹ̀wò ewu lórí ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi èsì yìí kọ aláìsàn sílẹ̀ tàbí fowó lé owó tí yóò san. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìsí ìlà yẹn, ẹ má bá a fọwọ́ sí i.

Ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú. Ẹ mú ọ̀kan: iṣẹ́ abẹ ìbímọ. Owó rẹ̀ tóbi. Ọjọ́ kan ló ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan kò lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́fà. Ọmọ tí wọ́n gbé jáde sì ni ẹlẹ́rìí. Ètò ìjọba kan àti HMO méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Kí wọ́n kó kíléèmù oṣù 12 sẹ́yìn, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n gbé e fún ẹnì kẹta. Ohun mẹ́ta péré ni kó wá: àmì kan náà lọ́jọ́ kan náà lọ́dọ̀ adójútòfò méjì, àmì kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́fà, dókítà kan náà ní ilé ìwòsàn méjì tó jìnnà síra ní wákàtí kan náà. Ti ẹ̀kẹta yìí á gba pé kí àkókò wà nínú kíléèmù yín, kì í sì í sábà sí.

Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni sí ìpàdé, ẹ dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ẹ ṣí kíléèmù ìbímọ ọdún tó kọjá lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ wo òpó NIN, kí ẹ ka iye tó ṣófo níbẹ̀. Ẹ tún ka iye tí nọ́ńbà rẹ̀ kò pé 11. Kíléèmù tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn méjèèjì lèyí tí ẹ lè gbé wá sórí tábìlì.

Mo rí ọwọ́ méjì lókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ìyá tó wọ aṣọ búlúù ló kọ́kọ́ nàwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé makirofóònù fún wọn.